Ẹ Yọ Paris Lára Ògiri, Ẹ Gbé Ìdànrè Kọ́

Ẹ wọ àwọn yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn yunifásítì wa, yálà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Akọka, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá ilé gogoro onírin ti Paris pàdé lára ògiri. Bí kì í bá ṣe Paris, agogo ńlá Lọ́ńdọ̀nù ni, tàbí àwọn ilé àwòṣífìlà New York nígbà tí iná alẹ́ bá tàn. Orúkọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún máa ń wà lára ìrọ̀rí, lára férémù, lára bébà alálẹ̀mọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tó ni yàrá náà kò dé ọ̀kankan nínú wọn rí.

Èmi kò bá a wí nítorí pé kò dé ibẹ̀. Èrò tó gbé àwòrán náà dé orí ògiri ni mò ń bá jà, èrò tó ti di òfin láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀: pé òkè òkun nìkan ni à ń pè ní ìrìn àjò, pé ọjà la ti ń ra àwòrán rẹ̀, àti pé kí ẹni tí kò lówó láti rà á fi ògiri tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ta ko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti tẹ̀, àti èyí tí owó ọwọ́ rẹ̀ lè gbé e dé kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí, ni ó yẹ kó wà lára ògiri rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó sì yẹ kó fi ṣe é.

Ẹ fi ìbéèrè kan péré dán an wò. Ẹ nawọ́ sí àwòrán Paris yẹn, kí ẹ bi onílé pé, "Kí lo rí níbẹ̀?" Kò sí ohun tó lè sọ ju ohun tí fóònù ẹnikẹ́ni lè sọ lọ: pé ọdún 1889 ni wọ́n ṣí i, pé ó ga tó mítà 330. Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ wá kọjá sí yàrá kejì, níbi tí ẹnì kan ti lẹ àwòrán Òkè Ìdànrè tí a fi fọ́tòkọ́pì dúdú àti funfun ṣe, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà. Yóò sọ fún yín pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, pé wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, àti pé ẹni tó ń fi agbára sárè lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jókòó. Yóò sọ ti ààfin àtijọ́ tí àwọn ọba Ìdànrè gbé kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, ti kóòtù tó wà níbẹ̀, ti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lórí òkè ní 1896. Yóò sọ ti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn nínú àpáta, èyí tí wọ́n ní ó ń gba ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn, àtọmọdé àtàgbà, yóò sì sọ bóyá ó gba tòun náà. Ẹ kò ní tètè jáde nínú yàrá yẹn.

Àwòrán tó bá ń pe ìtàn lẹ́nu ẹni tó gbé e kọ́, òun ni mo gbà pé ó jẹ́ àwòrán ìrìn àjò. Èyí tí kò lè pe ìtàn, ẹ lè fi àwòrán òdòdó rọ́pò rẹ̀ lónìí, kò sí ẹni tí yóò béèrè ibi tó wọlé sí.

Àwọn òbí wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Lóòótọ́, kàlẹ́ńdà tó ní òkè oníyìnyín àti adágún omi Switzerland wà nínú pálọ̀ wọn, ó sì máa ń wà níbẹ̀ títí ọdún rẹ̀ á fi kọjá. Ṣùgbọ́n kò sí àlejò tó ń béèrè òkè oníyìnyín yẹn. Àwòrán Káábà tí Alhaji gbé kọ́ lẹ́yìn tó ti Mẹ́kà dé ni wọ́n ń béèrè, ìyẹn ni wọ́n ń torí rẹ̀ jókòó pẹ́. Alhaji á sọ bí oòrùn ṣe mú tó, bí èrò ṣe pọ̀ tó, ẹni tó sọnù nínú ẹgbẹ́ wọn àti bí wọ́n ṣe rí i. Òkè òkun ni Mẹ́kà, n kò sì ní ohun kan bá àwòrán rẹ̀ ṣe ọ̀tá, nítorí pé ẹsẹ̀ Alhaji tẹ ibẹ̀. Bákan náà, bí ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì fi káàdì àti tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì àdúgbò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kí ọmọ yẹn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìtàn ẹbí rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ pàápàá ti fi ibi tí wọ́n mọ̀ ṣe ọnà tipẹ́. Nínú àwọn ọnà tó lókìkí jù lọ lára àdìrẹ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, ilé tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún yà sórí aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ilé tuntun ni Mápó nígbà náà. Àwọn obìnrin yẹn rí ilé tó jọ wọ́n lójú ní ìlú wọn, wọ́n sì yà á. Wọn kò lọ wá ilé ọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò rí rí kí wọ́n tó gbà pé ohun tí àwọn ń yà tó gbé jáde. Ọ̀pá àdìrẹ Ìbàdàn dùn kan, tí a ta mọ́ ògiri, sàn ju férémù Paris mẹ́wàá lọ ní yàrá ẹni tó ń kàwé ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ ìrìn àjò ní tòótọ́, kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta kó lọ rà á níbi tí wọ́n ti ń tà á, kó gun Olúmọ kó tó padà, kó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó ìwọlé.

Ohun kan wà ní Ifẹ̀ tó máa ń dùn mí. Angola àti Mozambique ni orúkọ họ́ọ̀lù tí wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ jámbáìtì sí, àwọn ọkùnrin ní Angola, àwọn obìnrin ní Mozambique. Ilẹ̀ Áfíríkà méjì ni, tí àwọn méjèèjì gba òmìnira lọ́wọ́ Pọtogí ní 1975. Ọmọ á gbé Angola odidi sáà, á máa fi orúkọ ilẹ̀ náà júwe ilé rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ àti ẹbí, kò sì ní mọ̀ pé Luanda ni olú ìlú rẹ̀. Paris ni yóò wà lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà Paris ní àwíjàre kan tó lágbára, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ènìyàn bá ń wò lójoojúmọ́ ni ọkàn rẹ̀ ń lọ sí. Àwọn mìíràn a tún fi Hábákúkù tì í lẹ́yìn, pé a ní kí wòlíì kọ ìran sílẹ̀. Mo gbà pé ó dára kí ọmọ ènìyàn ní ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n nínú Hábákúkù kan náà, wọ́n ní kí ìran náà hàn kedere débi pé ẹni tó ń kà á lè máa sáré. Kí ló hàn kedere lára àwòrán tí ẹgbẹ̀rún ọmọ rà níbi kan náà? Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ kàwé ní Jámánì, kí ó ya máàpù ìlú tí yunifásítì náà wà, kí ó kọ ọjọ́ tí wọn yóò ti ìgbaniwọlé sí abẹ́ rẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ Jámánì mélòó kan tí ó ń kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ó bá fi èyí sára ògiri, mo gbà fún un pátápátá, nítorí pé ètò nìyẹn. Àwòrán Paris kò sọ ọjọ́, kò sọ ọ̀nà, kò sọ owó. Ohun tó ń sọ fún ọmọ náà láàárọ̀ àti lálẹ́ ni pé ibi tí ayé ti ń ṣẹlẹ̀ jìnnà sí ibi tó sùn sí.

Wọ́n tún máa ń dárúkọ Àjàlá. Ẹ jẹ́ ká sọ ti Àjàlá nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Ọlábísí Àjàlá ní Amẹ́ríkà nígbà tó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní 1952. Aṣọ Yorùbá ló wọ̀, ó sì ń dúró lójú ọ̀nà láti sọ ohun tí Áfíríkà jẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló gun alùpùpù Vespa kiri ayé, tó bá àwọn olórí orílẹ̀-èdè bíi Nehru ti Íńdíà sọ̀rọ̀, tó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó jáde ní 1963. Orúkọ rẹ̀ ti di oyè fún gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe: ó gbé ohun tó mọ̀ nílé lọ bá wọn, ó sì gbé ohun tó fojú rí padà wá. Àjàlá tó kàwé ní Chicago kò dúró de ẹni tí yóò fún un ní ọkọ̀ òfuurufú. Kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gùn. Ẹni tó bá fẹ́ jọ Àjàlá nínú akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀, ọkọ̀ Òṣogbo ń pe èrò ní gáréèjì báyìí.

Mo sì dárúkọ Òṣogbo nítorí ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Austria ni Susanne Wenger, ó dé Nàìjíríà ní 1950, Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009. Òun pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà bí Adébísí Àkànjí ni wọ́n mọ àwọn ère inú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ènìyàn fi ilẹ̀ Yúróòpù sílẹ̀, ó rí Òṣogbo, ó ní ibẹ̀ lòun yóò gbé títí ọjọ́ ikú. Àwọn ọmọ tí Òṣogbo kò jìnnà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn ju ìrìn wákàtí méjì lọ ń fi owó oúnjẹ ra àwòrán Yúróòpù. Owó férémù méjì mẹ́ta yẹn, ẹ ṣírò rẹ̀ wò, yóò gbé ọmọ Ifẹ̀ lọ sí Òṣogbo, yóò sì gbé e padà.

Ó wá ku bí a ó ṣe ṣe é, níbi tí èrò pé ọ̀ṣọ́ yàrá wọ́n ti ń ṣubú pátápátá.

Yan ìrìn kan, àní ẹyọ kan. Nínú gbogbo fọ́tò tó wà lórí fóònù rẹ nípa ìrìn náà, mú èyí tó ní ènìyàn tàbí ọ̀nà nínú, má mú èyí tí o ti ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ní ibi ìtẹ̀wé tó wà lẹ́nu géètì, sọ pé kí wọ́n pín fọ́tò náà sójú ìwé A4 mẹ́sàn-án, ní dúdú àti funfun. Owó bébà lásán ni wọ́n ó gbà lọ́wọ́ rẹ, kò tó owó fọ́tò aláwọ̀ kan tó fẹ̀. Dúdú àti funfun tún ní àǹfààní mìíràn: fọ́tò fóònù tí kò mọ́ tó, bí a bá fẹ̀ ẹ́ láwọ̀, àbùkù rẹ̀ á hàn síta, bí kò bá ní àwọ̀, ó máa ń jọ iṣẹ́ ọnà ni. Fi rúlà àti abẹ gé etí funfun kúrò, kí o sì to mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀ sórí kádíbọ́ọ̀dù.

Kádíbọ́ọ̀dù ni mo wí, n kò wí páálí ńúdù. Gbogbo ènìyàn ló ń gbani nímọ̀ràn páálí nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ̀ pé ìdun fẹ́ràn àwọn ihò tóóró inú páálí ju ibikíbi lọ, àti ẹ̀yìn férémù pákó náà. Kádíbọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń rà kò ní ihò, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní ti àlẹ̀mọ́, ẹ̀kọ láfún tàbí sítáàṣì gbígbóná lẹ̀ dáadáa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ aáyán á máa jẹ ẹ́. Bí agbára bá ká gọ́ọ̀mù funfun, òun ni kí o lò.

Bí kò bá sí fọ́tò, máàpù ni mo fẹ́ràn jù, mo sì máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. OpenStreetMap wà lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ ibi tí ìrìn rẹ gbà jáde sórí bébà kan, fa àpótí onísẹ̀ntímítà 2 kálẹ̀ lórí rẹ̀, kí o sì fa àpótí onísẹ̀ntímítà 8 tí iye wọn bá a mu sórí kádíbọ́ọ̀dù. Ohun tó wà nínú àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan ni kí o yà sínú àpótí ńlá tirẹ̀. Máàpù náà á fẹ̀ ní ìlọ́po 4, ọwọ́ tí kò mọ àwòrán yà rárá á sì yà á. Fi òwú pupa ṣe ọ̀nà tí o gbà. Níbi tí ọkọ̀ dúró sí, lẹ ohun tí o mú bọ̀ láti ibẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé ẹ̀rí owó, ègé aṣọ òkè, ewé gbígbẹ. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ya Odò Ọ̀ṣun sórí kádíbọ́ọ̀dù yóò rí i pé omi tó ṣàn gba inú igbó Òṣogbo kọjá náà ni wọ́n sé ní Aṣéjírẹ́ tó di omi ẹ̀rọ fún Ìbàdàn. Kò sí férémù ọjà tó lè kọ́ ọ ní ìyẹn.

Jámbáìtì tí kò tíì rin ìrìn kankan rí ńkọ́? Kò sí ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti Ṣakí wá sí Ifẹ̀ ti rìn. Ó ti gba Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, ó ti la Ìbàdàn já, ó ti rí àwọn tó ń na ẹja sí ọkọ̀ ní Aṣéjírẹ́, ó ti ra dòdò ní Ìkirè, ó ti kọjá ní Gbọ̀ngán. Àárín ẹrù àti àníyàn ló ti rìn ín, nítorí ẹ̀ ni kò ṣe kà á sí ìrìn àjò. Kí ó yà á. Bí ó bá gbé máàpù yẹn kọ́ lókè bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn alábàágbé yàrá rẹ̀ tó ti Ìkàrẹ́, Ìlọrin àti Ẹ̀pẹ́ wá kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú tiwọn kún un. Mo ti rí yàrá tí èyí ti ṣẹlẹ̀, tí àwọn ọmọ mẹ́rin tí kò mọra rí di ọ̀rẹ́ nítorí àríyànjiyàn lórí ibi tí Ẹ̀pẹ́ wà gan-an.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá ẹnubodè, àyè wà fún un. Láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti fún àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láǹfààní láti wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà fún 90 ọjọ́. Kétu wà nílẹ̀ Benin, ẹnubodè àtijọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Akaba Ìdẹ̀nà ṣì dúró, Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Àjàṣẹ́ náà wà nílẹ̀ kan náà. Ìwé ìrìnnà àti owó ọkọ̀ ni, kò gba ìwé ẹ̀rí báńkì.

Àwọn tó ń gbèjà Paris tún ní ohun àfọwọ́ṣe máa ń jọ ti tálákà. Èyí ni mo kórìíra jù nínú gbogbo àwíjàre wọn, nítorí pé ó ń mú ọmọ tó gbọ́n tijú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Etí tí a kò gé dọ́gba ló ń mú nǹkan rí jákujàku, àwọ̀ tó pọ̀ jù náà sì ń bà á jẹ́. Rúlà yóò yanjú ti àkọ́kọ́. Ní ti ìkejì, mú àwọ̀ kan pẹ̀lú dúdú àti funfun, àwọ̀ aró bí ó bá ṣeé ṣe, kí o má sì ṣe fi ìkẹta kún un.

Wọ́n tún ní ọ̀nà kò dára. Òótọ́ ni, ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń bà mí bí ó ti ń ba gbogbo òbí. Ẹ má rin òru, ẹ má dá rìn, ẹ bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín lọ nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ìrìn ẹ̀kọ́. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn ti ń rìn láti 2021, láti Èbúté Mẹ́ta dé Mọ́níyà, kìlómítà 157, ó sì dúró ní Abẹ́òkúta. Fèrèsé rẹ̀ fẹ̀ tó láti ya fọ́tò.

Ó ku àwọn aláṣẹ họ́ọ̀lù. Àwọn ni wọ́n ń fi òfin dí ọ̀nà tó ṣẹ́ kù. Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ lẹ ohunkóhun mọ́ ògiri, pé ó ń ṣí ọ̀dà, àwọn pọ́tà sì ń já iṣẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní ọjọ́ àyẹ̀wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè yẹra fún èyí bí wọ́n bá ta okùn láti igun bọ́ǹkì kan sí èkejì, kí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì kó iṣẹ́ wọn rọ̀ sórí rẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ lẹ téèpù onípépà tí àwọn akunlé ń lò mọ́ ògiri kí gọ́ọ̀mù má kan ọ̀dà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀. Ẹ̀ka iṣẹ́ wà ní gbogbo yunifásítì wọ̀nyí, káfíńtà sì wà nínú wọn. Igi pẹlẹbẹ kan tó ní ìkọ́ mẹ́rin, lókè bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ni mò ń béèrè lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kàn án kí jámbáìtì ọdún yìí tó kó ẹrù wọlé.